Ẹsẹ̀ Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Gbé Wálé sí Ìbà

Ìyá mi kì í wọ ọkọ̀ ojú omi ẹlòmíràn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọkọ̀ kan dojú dé pẹ̀lú wọn láàárín ọ̀sà, irun orí ni àwọn apẹja fi fà wọ́n jáde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní ó tán. Ọdún gorí ọdún, wọn ò kúrò lábúlé. Ìgbà tí èmi náà wá ní ọkọ̀ tèmi, tí mo ń fi ẹ́ńjìnnì gbé èrò láti èbúté Ọ̀jọ́, ni wọ́n tó gbà láti tún fẹsẹ̀ kan ọkọ̀. Tèmi nìkan. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ mi, wọ́n á di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú, wọn ò sì ní jù ú sílẹ̀ títí a ó fi gúnlẹ̀. Àwọn èrò á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò bínú. Kí n má parọ́, orí mi máa ń wú ni. Nínú gbogbo ọlọ́kọ̀ tó wà lójú omi yẹn, èmi nìkan ni màámi fọkàn tán.

Abúlé wa wà ní òdìkejì ọ̀sà, kò sí títì tó dé ibẹ̀. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ń gbé yàrá méjì ní Ìbà. Lọ́dún tó kọjá ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í da màámi láàmú. Kò dùn wọ́n, kò pọ́n, ńṣe ló kàn ń ṣókùnkùn. Nígbà tí mo fi máa gbé wọn dé ọsibítù, tọ̀tún ti lọ pátápátá. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó ń rọra sọ̀rọ̀, ní tọ̀tún ò lè padà mọ́, pé tòsì náà ti ń tẹ̀lé e, àmọ́ iṣẹ́ abẹ lè dá èyí tó kù níbẹ̀ dúró. Ó dá ọjọ́ fún wa, àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, aago mẹ́sàn-án. Ó wo ojú mi, ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ yìí yẹ̀ o. Ohun tó bá ti lọ nínú ojú yìí, kì í padà.” Mo ní kò lè yẹ̀. Mo ní lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀ ni màá ti gbé wọn wá sùn lọ́dọ̀ wa.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ẹ́ńjìnnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Igbe irin tó ń họ irin ni. Mo rọra wakọ̀ dé etí omi ní Ọ̀jọ́, mo tú ìdérí ọ́ìlì ìsàlẹ̀, mo rí i pé ọ́ìlì náà ti funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lójú omi mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa ní orí, ó ní ẹsẹ̀. Orí wà lókè níbi tí ariwo ti ń jáde. Ẹsẹ̀ ló wà nínú omi, òun ló gbé gíà dání, òun ló ń yí fáànù tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Ọ́ìlì inú ẹsẹ̀ yẹn ò gbọdọ̀ fojú kan omi. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀ ló kù kí gíà fọ́, kí ọkọ̀ sì dúró sí àárín ọ̀sà pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀.

Bàbá Ẹ̀gùn kan wà létí omi wa tó jẹ́ pé àwọn ló ń tún ẹ́ńjìnnì gbogbo wa ṣe. Wọ́n ti lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n wọn ní ọ̀nà Àgbádárìgì, wọn ò sì ní dé títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kí ni mo fẹ́ dúró dè wọ́n fún. Kí n tó ra ọkọ̀, ọdún mọ́kànlá ni mo fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Okokomaiko. Kò sí irú síìlì tí ọwọ́ mi ò fi sí ibi tó yẹ kó wà rí. Bí mo ṣe wí fún àwọn tó dúró tì mí nìyẹn, mo sì wí i sókè. Mo tú bóòtù tó de ẹsẹ̀ náà mọ́ orí, mo fa ẹsẹ̀ yọ, mo fi àpò sìmẹ́ńtì wé e, mo gbé e lé itan nínú Márúwá, ó di Ìbà. Awakọ̀ ń ráhùn pé ọ́ìlì ń kán sí àga òun ní gbogbo ọ̀nà.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo tẹ́ àpò sí ẹ̀yìnkùlé, mo tú u palẹ̀. Bí mo ṣe yọ fáànù ni mo rí ọ̀daràn náà. Okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja fi ń dẹ ìwọ̀ ló ti wé mọ́ ìdí irin tó ń yí, ó wé, ó wé, títí ó fi gé ètè síìlì. Òrùka rọ́bà ni síìlì, ó ní ètè tó ń fún irin mọ́ra, ó sì ní sípíríìǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fún ètè náà mọ́. Méjì ló wà nídìí fáànù, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Mo fi òòlù lù wọ́n jáde. Mi ò wo ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kọjú sí. Kí ni mo fẹ́ wò? Ọdún mọ́kànlá.

Ìyàwó mi jáde wá sá aṣọ, ó dúró, ó wò mí títí.

“Dádì, ẹ ò ṣe wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ mú màámi wá?”

“Màámi ò ní wọ̀ ọ́.”

“Ṣé ẹ ti bi wọ́n?”

“Ṣé èmi ni ò mọ ìyá mi ni?”

Ó sá aṣọ rẹ̀ tán, ó wọlé. Ó mọ̀ pé tí mo bá ti fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò tíì bi wọ́n. Tí mo bá wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ, tí mo jókòó tì wọ́n, tí mo fún wọn ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi dì mú, bóyá wọ́n á gbà. Ó sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ yẹn náà, mo sì lé e jáde. Mi ò fẹ́ kí màámi dé Ọ̀jọ́ nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń kà á, ẹ lè bú mi, ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Mo ra síìlì tuntun méjì ní Ajangbadi lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀. Mo gbé wọn wọlé wẹ́rẹ́, àwọn méjèèjì kọ ẹnu sínú níbi tí ọ́ìlì wà, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní ìdí jẹnẹrétọ̀: ẹ̀gbẹ́ tí sípíríìǹgì wà ló ń kọjú sí ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà mo lọ yá pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ fọkanáísà ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo so rọ́bà rẹ̀ mọ́ ihò ọ́ìlì, mo ti gbogbo ẹsẹ̀ náà bọ inú bàsíà omi, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tí ibì kan bá ń jò, omi á hó. Omi ò hó. Mo tún fẹ́ ẹ. Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Mo pe ìyàwó mi kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó wá, ó wò ó, ó ní ó dáa, ó kú iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí àwọn èèyàn tó bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbé e padà sí Ọ̀jọ́, mo ti dè é mọ́ orí, mo ti rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Igbe irin ti lọ. Mo fi wákàtí kan wà á lọ sókè sódò ní ìtòsí, inú mi ń dùn, mo tiẹ̀ ń kọrin. Mo fẹ́ kọrí sí abúlé tààrà. Ọkàn mi ló ní kí n kọ́kọ́ wo ọ́ìlì kí n tó bọ́ sí agbami. Mo gúnlẹ̀, mo tú ìdérí. Ó ti funfun.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà. Mo wo omi tó wà láàárín èmi àti ìyá mi, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú péré, ó dà bíi pé wọ́n ti fi ògiri dí i. Mo pe bàbá Ẹ̀gùn lórí fóònù. Ariwo òkú ń lọ lẹ́yìn wọn. Mo ṣàlàyé fún wọn.

“Síìlì mélòó lo kì sí i?” ni wọ́n bi mí.

“Méjì, bàbá.”

“Ibo lo kọjú wọn sí?”

“Inú ni méjèèjì kọjú sí, bíi ti jẹnẹrétọ̀.”

Wọ́n wá ní, “Ọmọ mi, jẹnẹrétọ̀ kì í lúwẹ̀ẹ́.”

Wọ́n ní ọ̀kan ló máa kọjú sínú láti di ọ́ìlì mú, èkejì á kọjú síta láti lé omi, pé ńṣe ni kí àwọn méjèèjì kẹ̀yìn síra wọn. Mo ní àmọ́ mo fi pọ́ńpù dán an wò, kò jò. Wọ́n ní kò lè jò, atẹ́gùn tí mò ń fẹ́ láti inú ló ń ti ètè síìlì pa dé. Ìta ni omi ti ń bọ̀ ní tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìdánwò tí mo fi ń yangàn, ẹ̀gbẹ́ tí kò sí wàhálà ni mo dán wò. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń kánjú sí. Mo sọ ọ̀rọ̀ ojú màámi fún wọn.

“Wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ mú wọn wá,” ni wọ́n wí.

“Wọn ò ní wọ̀ ọ́, bàbá.”

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo sọ ọ́ fún èèyàn. Ó ti ń dùn lẹ́nu mi, mo sì ti gbà á gbọ́ ju tìgbà àkọ́kọ́ lọ.

Mo pe màámi. Mo ní ẹ́ńjìnnì ò tíì dáa, pé ọ̀la ní kùtùkùtù ni màá wá gbé wọn, ká lè bá ọsibítù lọ tààrà. Wọ́n ní, “Ṣé ó le ni?” Mo ní kò le. Wọ́n ní, “Má dára ẹ lágara, ọmọ mi. Tó bá ti yá, ó yá.” Mo gbọ́ ọ lóhùn wọn pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, àmọ́ mo ti ń wá sípánà tí mo fi máa tú bóòtù. Mo ní ó dàbọ̀.

Mo tún fa ẹsẹ̀ náà yọ, mo gbé e padà sí Ìbà. Bí mo ṣe yọ síìlì méjèèjì náà ni ètè wọn ya. Mo gba Ajangbadi lọ, ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn wà ní títì. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, pé ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ló ń lọ, pé kódà ká bá a níbẹ̀, kò ní tajà. Mo wá kiri Okokomaiko, àwọn tó ṣí ò ní irú ìwọ̀n náà. Mo padà sílé. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kó gbàdúrà. Ó ní òun ti ń gbà á láti ọjọ́ Ẹtì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago méje kò tíì lù tí mo ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà dé ní méje ààbọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà, ó wọ́n omi àdúrà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ọ̀sẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, síìlì méjì péré.” Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n ní sùúrù, òun kì í tajà kí àdúrà tó parí. Ó gbàdúrà fún oníbàárà, ó gbàdúrà fún ọjà, ó gbàdúrà fún àwọn tó ń rìnrìn àjò lórí omi. Mo di etí tábìlì rẹ̀ mú kí n má baà gbá a létí. Ìgbà tó ṣe àmín, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní èmi ni oníbàárà àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀, kí n mú síìlì mẹ́ta kí n san owó méjì. Mi ò mọ̀ bóyá mo dúpẹ́.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́. Fóònù mi wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ iwájú ilé, níbi tí mo gbé e sí kó gba iná, torí iná ò sí nílé láti àná. Mo ní màá mú un tí mo bá ṣe tán. Síìlì àkọ́kọ́ wọlé dáadáa, ó kọjú sínú. Bí mo ṣe ń lu èkejì wọlé ni sípíríìǹgì rẹ̀ fò jáde, ó bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀. Mo gbàgbé pé mo ní ẹ̀kẹta. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: síìlì kẹta wà nínú àpò ṣòkòtò mi, mo sì wà lórí eékún, mò ń fi ọwọ́ tú yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wá sípíríìǹgì tí kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ. Omijé ń bọ́ lójú mi. Mò ń bẹ Ọlọ́run, mo tún ń bú ara mi. Ìgbà tí mo rántí, aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Ìgbà tí mo fi tò gbogbo rẹ̀ padà, aago mẹ́wàá ti lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ náà lé èjìká, mo já fóònù gbà láì tàn án, mo gun ọ̀kadà. Èrò ọkàn mi ni pé tí mo bá sáré dé abúlé, tí mo sáré gbé wọn, tí mo bẹ dókítà, wọ́n lè ṣàánú wa.

Aago mọ́kànlá kọjá nígbà tí mo dé èbúté Ọ̀jọ́. Mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ ìjókòó àwọn èrò kọjá, mo fẹ́ lọ sídìí ọkọ̀ mi. Mo gbọ́ ohùn kan tó ní, “Ìwọ nìyẹn?”

Màámi ni. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, wọ́n wé gèlè aláró wọn, àpò ọ̀rá tí káàdì ọsibítù wà nínú rẹ̀ wà lórí itan wọn. Wọn ò kọjú sí mi. Ibi tí omi wà ni wọ́n kọjú sí.

“Èmi ni, màámi.”

“Òórùn ọ́ìlì rẹ ni mo gbọ́.”

Mo sọ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀. “Ta ló gbé yín wá?”

“Ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ni. Aago mẹ́jọ ò tíì lù tá a ti dé. Mo ní kí wọ́n pè ọ́, wọ́n ní fóònù rẹ ò lọ. Mi ò mọ ọ̀nà ilé rẹ láti ibí, mi ò sì mọ ti ọsibítù. Mo ní kí n dúró, wàá ṣáà wá.”

Ẹ wò ó. Láti aago mẹ́jọ ni ìyá mi ti wà ní Ọ̀jọ́. Èmi wà ní Ìbà, mò ń tú yẹ̀pẹ̀, kí n lè rí ọkọ̀ tí màá fi lọ gbé wọn.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Mo ní, “Ẹ̀rù omi ò bà yín?”

“Omi wo? Omi tó ń bà mí lẹ́rù, mi ò rí i mọ́. Ìmọ́lẹ̀ lásán ló kù. Ẹnì kan di ọwọ́ mi mú, mo wọlé, mo jókòó. Ó pẹ́ tí mo ti lè wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Wọ́n fi ọwọ́ wá ojú mi, wọ́n rí i, wọ́n nù ún. Kò sí ìbínú kankan lóhùn wọn. Wọ́n ní, “O ò bi mí.”

A dé ọsibítù lẹ́yìn aago méjìlá. Wọ́n ti parí iṣẹ́ abẹ ọjọ́ yẹn. Dókítà yẹn fúnra rẹ̀ jáde sí wa, mo dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú àwọn èèyàn, ó ní kí n dìde, ó ní àwọn tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ náà ń dúró. Ọjọ́ tó súnmọ́ jù tó rí fún wa jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Màámi ò padà sábúlé, wọ́n dúró tì wá ní Ìbà. Ní gbogbo àárọ̀, wọ́n á ní kí n ṣí fèrèsé, wọ́n á sọ fún mi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo ṣí fèrèsé, wọ́n bi mí pé ṣé mo ti ṣí i.

Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló fà á. Ó sọ ọ́ láti tù mí nínú ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo de ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà mọ́ orí lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì ń fi ṣiṣẹ́ títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí. Kò gba omi mọ́. Bàbá Ẹ̀gùn tú ìdérí rẹ̀ wò nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní iṣẹ́ náà mọ́, pé mo ti di mẹkáníìkì ọkọ̀. Màámi ti padà sábúlé, wọ́n ní àwọn mọ ojúlé àwọn níbẹ̀ láì ríran. Tí wọ́n bá fẹ́ wá kí àwọn ọmọ, wọn kì í pè mí kí n wá gbé wọn. Wọ́n á jáde sí etí omi, wọ́n á na ọwọ́, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa ń wọ̀.